Ètò Kọ̀ǹpútà Tí Ẹnikẹ́ni Kò Tà

N kò fẹ́ràn ọ̀gá ẹ̀ka wa. Mo fi èyí ṣáájú kí ẹni tó bá ń ka ìwé yìí má baà rò pé mò ń fi ọgbọ́n bò ó mọ́lẹ̀. Ọkùnrin náà kò lù mí, kò sì jí nǹkan mi. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣe sí kọ́ọ̀sì mi, n kò tíì dárí rẹ̀ jì í, n kò sì mọ ọjọ́ tí n ó ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìlọrin níbí ló ti ṣẹlẹ̀, ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan tí n kò ní dárúkọ. Ó bẹ̀rẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1980, kò sì parí títí a fi rìn jìnnà nínú àwọn ọdún 1990. Físíìsì ni mò ń kọ́ wọn níbẹ̀. Mo pẹ́ kí n tó wọ ilé-ìwé. Agboolé àwọn áfáà ni wọ́n bí mi sí ní Gàmbàrí, kéú ni mo sì kà títí irùngbọ̀n fi ń yọ lágbọ̀n mi, kí bàbá mi tó gbà pé kí n lọ kọ́ ìwé Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn tí a jọ jókòó ní kíláàsì kéré ju àbúrò mi àbíkẹ́yìn lọ. Ìgbà tí mo fi máa gba dìgírì, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ti ń fa ọmọ fún ọkọ. Nítorí náà, ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ kéré sí mi dáadáa lọ́jọ́ orí. Tí àlejò bá wà níbẹ̀, á pè mí ní "ẹ̀gbọ́n". Tí kò bá sí àlejò, "Áfáà" ló ń pè mí, kì í sì í ṣe bí àwọn ará àdúgbò wa ṣe ń pè é.

Kọ́ọ̀sì tí mò ń sọ yìí, ẹ̀kọ́ kúáńtọ̀mù ni. Ó dá lórí ìṣesí àwọn ohun tó kéré ju èyí tí ojú lè rí lọ. Ẹ há ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kan mọ́ àyè tóóró, kò ní lè ní agbára tó bá ṣáà wù ú. Àwọn ìwọ̀n kan pàtó wà tó lè mú, kò sì ní dúró sí àárín méjì wọn. Olùkọ́ lè kọ èyí sójú pátákó láti àárọ̀ di ọ̀sán. Akẹ́kọ̀ọ́ á dà á kọ, á há a sórí, á yege nínú ìdánwò, kò sì ní yé e. Bí èmi náà ṣe gba dìgírì nìyẹn.

Ìlú òyìnbó ni ó ti wá yé mi. Wọ́n pe àwa olùkọ́ láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè wá kọ́ ẹ̀kọ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Bàbá arúgbó kan tó ń kọ́ wa níbẹ̀ ní ètò kọ̀ǹpútà kan tó kọ fúnra rẹ̀. Tí a bá tẹ ìwọ̀n àyè náà sínú rẹ̀, ìgbì ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tí a há síbẹ̀ á yọ sójú kọ̀ǹpútà. Tí a bá fún àyè náà pọ̀, ìgbì náà á ká jọ, agbára rẹ̀ á sì gòkè. Mo jókòó síwájú rẹ̀ bí ọmọdé. Nígbà tí mo máa padà wálé, mo bi bàbá náà pé èló ni wọ́n ń tà á. Ó ní wọn kì í tà á. Ó ní owó tí àwọn ará ìlú òun san fún ìjọba ni wọ́n fi gbọ́ bùkátà òun nígbà tí òun ń kọ ọ́, wọ́n ti sanwó rẹ̀ tán, kò yẹ kí òun tún tì í mọ́ ẹnikẹ́ni. Ó fún mi ní díìsì. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú rẹ̀ pé ẹni tó bá gbà á lè lò ó, ó lè ṣí inú rẹ̀ wò, ó lè tún un ṣe, ó sì lè fún ẹlòmíràn, bí kò bá ṣáà ti fi inú rẹ̀ pa mọ́ fún ẹni tó bá béèrè.

Èyí kò ṣàjèjì sí mi. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe ìwé nílé bàbá mi. Ẹni tó bá fẹ́ da ìwé áfáà kọ á wá pẹ̀lú tádáwà àti bébà tirẹ̀, a kì í lé e padà. Ṣùgbọ́n tó bá dà á kọ tán, ó gbọ́dọ̀ jókòó síwájú ẹni tó ni ìwé, kó ka ohun tó kọ sí i létí láti òkè délẹ̀. Ibi tó bá ti ṣì í, wọ́n á dá a dúró, á tún un kọ. Tí kò bá tíì kà á bẹ́ẹ̀, kò gbọdọ̀ fi kọ́ ẹnikẹ́ni.

Mo mú ọ̀nà yìí lọ sí kíláàsì. Mo tẹ inú ètò náà jáde lórí bébà, mo ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi fi ọwọ́ dà á kọ, kí wọ́n wá kà á sí mi létí ní ìlà kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì sọ iṣẹ́ tí ìlà náà ń ṣe. Ẹni tó bá kà á yege ni mo ń fún ní díìsì. Wọ́n kùn gan-an. Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá ẹ̀ka wa dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò wá.

"Áfáà," ó ní, "ilé kéú kọ́ lèyí o. Wàláà wọn dà?"

Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín. Mo dúró kí wọ́n rín in tán, mo ní kí ẹni tó ń kà máa kà á lọ. Kí sáà náà tó parí, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó rẹ́rìn-ín yìí ti tún ètò náà ṣe kó lè ṣiṣẹ́ lórí àwọn kọ̀ǹpútà wa tí kò ní àwọ̀ kankan ju àwọ̀ ewé lọ. Wọn kò bi mí kí wọ́n tó ṣe é. Inú mi dùn sí èyí, n kò sọ fún wọn.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ owó dé. Ìjọba kéde ìrànwọ́ fún ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì, wọ́n sì ní àwọn alábẹ̀wò máa wá wo ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan. Kọ́ọ̀sì tí kò bá ní ohun èlò tó ń ṣiṣẹ́, wọ́n á fagi lé e. Ọ̀gá wa pè mí, ó ní kọ́ọ̀sì tèmi ló wà lókè pátápátá nínú àwọn tó máa lọ, torí pé kò sí ohun kan nínú sítọ̀ tó jẹ́ tirẹ̀. Òótọ́ ni. Kọ̀ǹpútà jẹ́ ti gbogbo ẹ̀ka. Ètò náà kò sì gba sítọ̀ wọlé rí.

Mo kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ tó ń pín owó náà. Ọ̀gá wa ni alága wọn. N kò béèrè owó láti ra ètò. Mo béèrè díìsì, bébà, epo jẹnẹrétọ̀, owó àtúnṣe kọ̀ǹpútà, àti owó oṣù fún ẹnìkan nínú àwọn tó ti jáde lọ́wọ́ mi, kó fi ọdún kan tún ètò náà ṣe fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ yòókù ní ìpínlẹ̀ wa, kó sì kọ ìwé ìtọ́sọ́nà sí i. Wọ́n pè mí kí n wá ṣàlàyé. Agbaṣẹ́ṣe kan ti jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ nígbà tí mo dé, ó gbé báàgì aláwọ̀ dúdú lé itan. Ó dìde kí mi bí ẹni tó ti mọ̀ mí tipẹ́.

Nínú yàrá, ọ̀gá wa kò wo ìwé tí mo kọ.

"Ta ló ń tà á?"

Mo ní kò sẹ́ni tó ń tà á.

"Ta ló máa wá já rìsíìtì fún wa?"

Mo nawọ́ sí ìwé tí mo kọ, tó wà níwájú rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbà mí gbọ́, n kò bá yín jà. Ẹ kàn sọ fún mi bí n ó ṣe kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìjọba náwó sórí ohun tí wọ́n ń fún èèyàn lọ́fẹ̀ẹ́."

Mo gbìyànjú láti ṣàlàyé pé iṣẹ́ tó wà lára ohun náà kì í ṣe ọ̀fẹ́ bí ohun náà fúnra rẹ̀ tilẹ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́, pé ẹni tó ń tún un ṣe máa jẹun. Ọ̀kan lára ìgbìmọ̀ bi mí bóyá àwọn òyìnbó kì í kó ìdọ̀tí wọn fún wa tẹ́lẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Bí mo ṣe jáde ni wọ́n pe agbaṣẹ́ṣe wọlé.

Ọdún yẹn ni ìyàwó mi kú. Àìsàn rẹ̀ kò pẹ́. N kò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní àdúà ọjọ́ kẹjọ, ọ̀gá wa wá. Mo mọ rírì ẹni tó bá wá kí èèyàn ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, mo sì ní kí wọ́n fún un ní àyè nínú ilé. Nígbà tí àwọn áfáà ṣàdúà tán, tí wọ́n ń gbé sàráà káàkiri, ó sún mọ́ mi, ó fi ẹnu sí mi létí. Ó ní ìgbìmọ̀ ti fẹnu kò lórí ètò tí agbaṣẹ́ṣe mú wá, ó ku kí olùkọ́ tó ni kọ́ọ̀sì buwọ́ lù ú pé ó bá ẹ̀kọ́ òun mu.

"Ẹ kàn sáré fọwọ́ sí i, ẹ̀gbọ́n. Mo mọ̀ pé ara yín kò fẹ́ wàhálà lásìkò yìí."

Ìwé náà wà nínú àpò rẹ̀. Bíírò wà pẹ̀lú rẹ̀. Àwọn ará ilé ìyàwó mi tó wá láti oko wọn ní ọ̀nà Malete jókòó síwájú wa, wọ́n rò pé ó ń tù mí nínú ni. Mo sọ fún un pé kó jẹ oúnjẹ tó wà níwájú rẹ̀. Ó jẹ ẹ́, ó ṣàdúà, ó lọ. N kò fọwọ́ sí nǹkan kan. Nígbà tí mo padà síbi iṣẹ́, mo gbọ́ pé òun fúnra rẹ̀ ti fọwọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá ẹ̀ka.

Ètò olówó náà dé nínú páálí tó rẹwà. Inú rẹ̀ tì pa, kò sẹ́ni tó lè ṣí i wò. Kọ́kọ́rọ́ kan sì wà tó bá a wá: ike pẹlẹbẹ kan, kò tó àtẹ́lẹwọ́, tí wọ́n gbọ́dọ̀ kì bọ ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà kí ètò náà tó lè jẹ́ ìpè. Kọ́kọ́rọ́ kan, kọ̀ǹpútà kan. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yòókù á máa na ọrùn láti wò ó.

Sítọ̀ ni ó kọ́kọ́ gbà kọjá bí òfin ṣe wí. Ohun ìjọba kì í sì í jáde ní sítọ̀ láìní nọ́ńbà lára. Ẹ wo àga ọ́fíìsì èyíkéyìí ní ìlú yìí, ẹ wo fáànù, ẹ wo igbá ìdọ̀tí, ẹ ó rí nọ́ńbà tí wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ síbẹ̀. Akọ̀wé sítọ̀ wo ike náà, kò rí ibi tó fẹ̀ tó láti kọ nọ́ńbà sí àfi apá iwájú, níbi tí àwọn ihò wẹ́wẹ́ wà. Ó da ọ̀dà funfun sí i kí nọ́ńbà lè hàn, ó sì fi pupa kọ nọ́ńbà sórí rẹ̀. Ó kọ ọ́ dáadáa, ọwọ́ rẹ̀ lẹ́wà. Ó sá a sórí fèrèsé kó gbẹ.

Gbogbo ihò rẹ̀ dí. Wọ́n fi abẹ́rẹ́ gbẹ́ ẹ, wọ́n fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́, ó sì di ohun tí kò wúlò mọ́. Agbaṣẹ́ṣe wá wò ó, ó ní àwọn tó ṣe é kì í fún èèyàn ní òmíràn; a máa tún gbogbo rẹ̀ rà ni, bí ìgbà àkọ́kọ́. Owó ti tán. Àwọn alábẹ̀wò sì ti kọ̀wé pé àwọn ń bọ̀.

N kò rẹ́rìn-ín. Àwọn kan rò pé inú mi máa dùn. Kọ́ọ̀sì mi ni wọ́n fẹ́ pa, kì í ṣe ti akọ̀wé sítọ̀.

Ọ̀gá wa rán akọ̀wé rẹ̀ sí mi pé kí n fi díìsì mi ránṣẹ́. Mo ní kó padà lọ sọ fún un pé ẹni tó bá fẹ́ ẹ ló ń wá gbà á. Akọ̀wé náà tún wá, ó ní ọ̀gá ní ọwọ́ òun dí. Mo ní ọwọ́ tèmi náà dí. Mo rò ó láti má fún un rárá. Mo rò ó dáadáa. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ bàbá arúgbó yẹn wà nínú díìsì náà, ẹni tó bá béèrè ló wí, kò wí pé àfi ẹni tí mo bá fẹ́ràn.

Ó wá lẹ́yìn ìrun ọ̀sán. Mo fún un ní bébà tí a tẹ ètò náà sí, mo ní kó jókòó, kó kà á sí mi létí bí gbogbo èèyàn ṣe ń kà á.

"Ẹ ń bá mi ṣeré ni?"

Mo ní n kì í bá èèyàn ṣeré.

Ó jókòó lórí bẹ́ńṣì àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ó bọ́ aago ọwọ́ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Mo ti ń retí ibi tí n ó ti dá a dúró. Kò sí. Ọkùnrin náà mọ̀ ọ́n kà. Ó ń sọ iṣẹ́ ìlà kọ̀ọ̀kan kí n tó béèrè, ó sì ń sọ ọ́ ní kúkurú, ju bí mo ṣe lè sọ ọ́ lọ. Nígbà tó dé àárín, ó dúró.

"Áfáà, ibí yìí kò tọ́."

Ìlà kan tí èmi fúnra mi ti yí padà ni. Mo ti pín ìwọ̀n kan sí méjì níbi tí kò yẹ kí n ti pín in, èyí sì ti ń ba ìdáhùn jẹ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi láti ìgbà náà. Mo wò ó. Mo tún un ṣe. N kò dúpẹ́, òun náà kò sì dúró de ọpẹ́. Ó kà á títí dé òpin, mo gbé díìsì fún un, ó dé aago rẹ̀ mọ́wọ́, ó jáde.

Ìgbà yẹn gan-an ni mo kórìíra rẹ̀. Ṣáájú ọjọ́ náà, mo ti máa ń sọ fún ara mi pé kò mọ̀ ni. Pé ìwé tó kà lókè òkun ti sá lọ lórí rẹ̀, pé ó rí páálí tó rẹwà, ó rò pé ọgbọ́n ló wà nínú rẹ̀. Mo lè fara da aláìmọ̀. Ṣùgbọ́n ó mọ̀. Ó mọ ohun tí mo kọ sínú ìwé tí kò wò, ó mọ̀ ọ́n jù mí lọ, ó sì jókòó síbẹ̀ bi mí pé ta ló ń tà á.

Àwọn alábẹ̀wò dé. Ìyá àgbà kan tí irun rẹ̀ ti funfun ló ṣáájú wọn, ọ̀rọ̀ kò pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ètò náà ṣiṣẹ́, ìgbì jáde, iná kò sì lọ. Ìyá náà ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kan fún àyè náà pọ̀, ó béèrè ìdí tí agbára fi gòkè, akẹ́kọ̀ọ́ náà dá a lóhùn. Ó mi orí pé ó tọ́.

"Níbo lẹ ti rí èyí?" ó bi ọ̀gá wa.

"Owó ìrànwọ́ ni, mà. Ìjọba ló rà á fún wa."

Ó sọ ọ́ lójú mi. Páálí tó rẹwà náà wà lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà, ó ti gbé e síbẹ̀ láti àárọ̀. N kò mọ̀ pé mo máa sọ̀rọ̀. Ohùn mi ni mo kàn gbọ́.

"A kò rà á, mà. Kò sẹ́ni tó ń tà á. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ lè gbà á, ẹ̀yin náà lè gbà á."

Ìyá náà wo ọ̀gá wa, ó wo páálí, ó wò mí. Ó ní kí n fún òun ní ọ̀kan. Mo fún un. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé kí kọ́ọ̀sì náà máa bá a lọ, orúkọ kọ́ọ̀sì náà sì ṣì wà nínú ìwé àkójọ ẹ̀kọ́ wa títí di òní.

Ohun tí kò sí nínú rẹ̀ mọ́ ni owó. Nígbà tí ìrànwọ́ ọdún tó tẹ̀lé e dé, mo tún kọ̀wé. Ọ̀gá wa pè mí sí ọ́fíìsì rẹ̀, kò ní kí n jókòó. Ó ní àwọn tó wà lókè ti ka ìròyìn àwọn alábẹ̀wò, wọ́n rí i kà pé ohun èlò kọ́ọ̀sì mi jẹ́ ọ̀fẹ́, wọ́n sì ti yọ ọ́ kúrò nínú ohun tó nílò owó. Ẹ̀yin náà lẹ sọ bẹ́ẹ̀, ó ní, lójú gbogbo wa. Ó rọra sọ ọ́. Agbaṣẹ́ṣe tó ta ètò olówó yẹn ló gba iṣẹ́ fáànù àjà fún ẹ̀ka tó tẹ̀lé tiwa.

Àwọn kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Èyí tó kù gbẹ̀yìn, iná ló dé lọ́sàn-án ọjọ́ kan pẹ̀lú agbára tó ju tirẹ̀ lọ, èéfín yọ lẹ́yìn rẹ̀. Olùkọ́ kan wá láti ilé-ẹ̀kọ́ kan níta Ìlọrin, ó ti gbọ́ nípa ètò náà. Mo wá díìsì fún un. Ọ̀rinrin ti ba gbogbo wọn jẹ́. Ọmọ tí mo fẹ́ kí wọ́n gbà síṣẹ́ láti máa tọ́jú rẹ̀ ń ta páátì ọkọ̀. Kò lẹ́bi. N kò bá a wí.

Mo pàdé ọ̀gá náà lọ́jọ́ kan lẹ́yìn ìrun Jímọ́ọ̀, níbi tí ọ̀nà ti há lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọjà-Ọba, tí èèyàn kò lè yà fún èèyàn. Ó ti gba ipò tó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, níbòmíràn. Ó sálámà sí mi, mo dá a lóhùn nítorí pé dandan ni. Ó béèrè àwọn ọmọ. Ó béèrè kọ́ọ̀sì náà, mo sọ bó ṣe wà.

"Ká ní ẹ dákẹ́ lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀gbọ́n," ó ní, "wọ́n ì bá kà á sí ohun tí a rà. Ọdọọdún ni wọn ì bá máa fún un lówó. Ta ni yóò mọ ohun tí ẹ fi ń ṣe?"

Àwọn èèyàn ń tì wá láti ẹ̀yìn, mo gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Mo rò ó títí mo fi dé ilé, mo sì tún ń rò ó. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òótọ́ ló sọ. N kò lè torí èyí fẹ́ràn rẹ̀.